Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tò

Iṣẹ́ ládáànì ni mo ń ṣe ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa níhìn-ín ní Ìdànrè, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, n kò fẹ́ ṣe wáàsí fún yín lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yọ nínú páálí tuntun, tí ènìyàn yóò tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí yóò sì mọ́lẹ̀ yòò. Èyí tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tò ní ẹyọ ẹyọ ní ọdún 2004 ni mò ń wí, nínú yàrá tí òjò ń jò sí, pẹ̀lú owó tí kì í ṣe tiwa.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo kà, lẹ́yìn èyí mo wọ ilé kéú. Òye ẹ̀rọ tí mo ní kò ju ti rédíò lọ. Ọkùnrin kan wà ní Àlàdé tí ń tún rédíò ṣe, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá. Bí a bá ti jáde kéú ní ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Òun ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi irin gbígbóná yọ́ léèdì, bí a ṣe ń mọ wáyà tí ó já láìjẹ́ pé ojú rí i, àti bí kapásítọ̀ tí ó ti kú ṣe máa ń wú lórí bí ikùn ọmọ tí ó jẹ ẹ̀wà jù. Àwọn àgbà wa ní ìgbà láéláé pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ kò sì dúró gba èsì. Ní ti èmi, mo gbà pé ó ń gba èsì, bí ènìyàn bá lè tú ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti lọ sí Èkó ní tirẹ̀. Ó ń bá ènìyàn kan tajà ní òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village. Àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó di ọjà. Ẹrù kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ a máa dé láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, èyí tí ó yè nínú wọn a di títà lódindi, èyí tí kò yè a di títú palẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbọ́ bí ẹrù náà ti pọ̀ tó. Ní oṣù October ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde, wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àti pé nínú 100, bí 75 ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ pé kò ṣe é tún ṣe. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ, wọ́n a sì dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí irú èyí bá wà ládùúgbò yín, ẹ lé ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Dígí ojú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ní òjé nínú, òjé kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ọpọlọ ọmọdé.

Nínú irú òkú ẹrù yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí ọgbọ́n. Nígbà tí ó wá kí wa lẹ́yìn ìkórè kòkó, ó ní bí òun bá rí ₦24,000, òun lè ṣa ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà kan jọ láti inú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ti kú, kí a tò ó nílé, kí a sì máa fi tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí ti wòlímọ̀ ní àdúgbò wa, Àkúrẹ́ ni yóò wọkọ̀ lọ.

Ta ni ó ní ₦24,000? Ìyá mi ni. Opó ni ìyá mi nígbà náà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ni ó ń ṣe, àjọ ni ó sì ti dá fún ọdún kan gbáko kí ó lè fi ra páànù. Ilé wa ti ń jò láti òjò ọdún tí ó kọjá. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lórí òkè wọ̀nyí, àwa nílé a ti máa to korobá kalẹ̀, a ti mọ ojú ibi tí kálukú wọn ń jókòó sí.

Àbúrò bàbá mi bínú nígbà tí ó gbọ́. Ó ní kí ni kéú àti kọ̀ǹpútà ní í ṣe pọ̀, ó ní ènìyàn tí òjò ń pa kì í ra àpótí oníná. Kò sì purọ́. N kò bá ìyá mi sọ ọ́ rárá, ojú ń tì mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi bi í.

“Bí ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́, ta ni yóò tú u?”

“Àwa náà ni, Ìyá. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ó ṣe é tú.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Ohun tí ó bá ṣe é tú, ó ṣe é jẹun lé lórí.”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ìyá mi kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í tú ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Òun ni ń pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀, òun ni ń fún irin ìlọta rẹ̀ le, àti láti ibi tí ó bá jókòó sí ni ó ti ń mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ bóyá epo ni ó ń tán tàbí pé òkúta ni ó bá ẹ̀wà wọlé. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹ̀rọ tí ó lè dá òun lójú ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March ni ẹrù dé. Páálí mẹ́ta, àti ojú kọ̀ǹpútà náà tí ó rí bí tẹlifíṣọ̀n, tí a fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé bí ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé ẹsẹ̀ láti Èkó títí dé Àkúrẹ́, ó tún gbé e lé ẹsẹ̀ láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè. A tẹ́ ẹní sílẹ̀, a sì tú gbogbo rẹ̀ síta. Inú mi dùn ní ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jẹun. Ẹ wo pátákó ńlá aláwọ̀ ewé, tí ojú ọ̀nà tín-ín-tín-ín kún inú rẹ̀ bí ìlú tí ènìyàn ń wò láti orí Òkè Ìdànrè. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó sí. Èyí tí ó dà bí bísíkíìtì onígun mẹ́rin ni ó ń ronú, fáànù kékeré sì ń bẹ lórí rẹ̀ tí ń fẹ́ ẹ kí ó má baà jóná. Ráàmù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlàrun, eyín wúrà ní ìdí rẹ̀, òun ni ó ń rántí nǹkan níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Dísìkì inú àpótí irin, òun ni kì í gbàgbé bí iná tilẹ̀ lọ. Méjì ni ẹ̀gbọ́n mi rà, kékeré kékeré, láti ara òkú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wáyà pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ kan pupa. Sukúrù tí ó kún agolo mílíìkì kan.

Kí a tó fi ohunkóhun sí iná, ẹ̀gbọ́n mi pè mí wá síwájú àpótí iná rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, a kọ 115 sí apá kan, a kọ 230 sí apá kejì. Ará Amẹ́ríkà ni àpótí yìí. Iná wọn lọ́hùn-ún jẹ́ fóòtì 120, tiwa ń lọ bí 230. Bí ènìyàn bá ki í bọ iná wa láìyí bọ́tìnnì náà padà, yóò dún gbàmù bí ìbọn, èéfín yóò sì tẹ̀lé e. Ó ní àìmọye ènìyàn ni ó ti pa kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ báyìí. Ó fi ṣóńṣó sukudiráfà tì í sí 230. Ìyá mi tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wí pé, “Ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì.” A sì tún wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi tò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, Nẹ́pà mú iná wá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a sì tan án. Fáànù yí, iná kékeré tàn níwájú rẹ̀, gbogbo wa na ọrùn. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píì, píì, píì. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. A pa á, a tún tan án. Píì, píì, píì. Báyìí ni a ṣe fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe, ẹ̀gbọ́n mi sì ní láti padà sí Èkó nítorí ọ̀gá rẹ̀. Ó ku èmi nìkan pẹ̀lú àpótí tí ń ké. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ dé, pẹ̀lú ìjì, ó sì bá wa pẹ̀lú páànù tí ó lu. Ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ dà bo kọ̀ǹpútà, mo tẹ́ ẹní lé e, ìyá mi tún fi aṣọ òkè rẹ̀ kan lé ẹní. Kò sọ ohunkóhun sí mi. Ó gbé korobá, ó jókòó, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Ọ̀gá mi onírédíò ni mo sáré tọ̀ lọ. Kò tí ì rí inú kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n ó yọ ráàmù náà, ó gbé e sí ojú oòrùn, ó sì wo eyín rẹ̀. Ó ní, “Wúrà yìí ti ṣú.” Ó wá ìrésà, rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, ó rọra fi nu eyín náà síwá sẹ́yìn títí ó fi dán. Mo padà sílé, mo tì í bọ ojú ihò rẹ̀ títí ó fi dún kẹ́. Nẹ́pà kò mú iná wá títí di nǹkan bí agogo kan òru. Mo tan án. Ó ké píì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́, lẹ́tà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú rẹ̀. Mo pariwo. Ìyá mi sáré wọlé, ó rò pé iná ni ó gbé mi.

Síbẹ̀ kò tí ì tán. Kọ̀ǹpútà náà ń wí pé òun kò rí dísìkì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó là á yé mi nígbà tí ó padà wá ní oṣù April: dísìkì méjì tí ó bá wà lórí wáyà kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, èkejì yóò jẹ́ ìránṣẹ́, ike kékeré kan tí kò ju eyín ọmọ ọwọ́ lọ ni a sì fi ń sọ èyí fún un. Àwọn méjèèjì tí ó rà, ọ̀gá ni wọ́n jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àgbò méjì kò sì lè mumi nínú koto kan. A yí ike ọ̀kan padà, ó di ìránṣẹ́, Windows 98 sì wọlé ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ó máa parí, àsìkò ìpè Àsùbáà ti tó. Ládáànì àgbà ni ó ń pè é nígbà náà, igbákejì rẹ̀ ni mí, mo sì dé mọ́sáláṣí pẹ̀lú ojú pípọ́n bí ẹni tí ó sọkún.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àwọn òyìnbó pàápàá ti ṣe irú eléyìí rí, kì í sì í ṣe òṣì ni ó fà á. Ní oṣù January ọdún 1975, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, Popular Electronics, gbé àwòrán ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní Altair 8800 sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ MITS ní ìlú Albuquerque ni ó ń tà á, dọ́là 397 ni fún ẹni tí yóò tò ó fúnra rẹ̀. Wọn a fi ẹ̀yà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ nínú páálí, ìwọ ni yóò fi léèdì jó o mọ́ra. Kò ní ojú, kò ní kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì àti iná pupa kéékèèké ni ó ní níwájú. Ohun tí ó lè rántí kò ju ẹyọ 256 lọ. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tí à ń gùn lọ sí ìlú wa àtijọ́ lé ní 600. Bí ẹ bá ka àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ ìrántí kan, Altair kò ní lè bá yín dé ìdajì òkè. Ráàmù tiwa, tí a fi ìrésà nù, ẹyọ tí ó lè rántí lé ní mílíọ̀nù 67.

Ní ọdún 1976, Steve Wozniak àti Steve Jobs ta Apple àkọ́kọ́ ní dọ́là 666 àti sẹ́ǹtì 66, pátákó rẹ̀ nìkan ni wọ́n tà, ẹni tí ó rà á ni yóò wá àpótí, kíbọ́ọ̀dù àti tẹlifíṣọ̀n sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ZX81 ti Sinclair jáde ní oṣù March ọdún 1981, pọ́n-ùn 49 àti pẹ́nì 95 ni bí o bá máa tò ó fúnra rẹ, pọ́n-ùn 69 àti pẹ́nì 95 bí wọ́n bá ti tò ó. Àwọn bàbá àti ọmọ ni wọ́n jókòó yí i ká lórí tábìlì oúnjẹ. Mo gbọ́ pé àwọn tí ó ti dàgbà nínú wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo mọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún wa. Ìwé wòlímọ̀ ni ó pọ̀ jù. A kò ní ẹ̀rọ tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí bébà, nítorí náà, mo ń kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, mo ń fi áńkáṣíìfù wé e nítorí eruku àti oòrùn, mo ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́ lọ tẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà náà kò gbọ́ Lárúbáwá. Mo a fi àyè sílẹ̀ lókè bébà, bí mo bá sì ti Àkúrẹ́ dé, mo a fi kálámù igi kọ Bisimilláhì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìyẹn ju ìwé títẹ̀ lọ, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé Àáfà fọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà. Bátìrì pẹlẹbẹ bí kọ́bọ̀ kan ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà tí ó fi ń rántí ọjọ́ òní. Tiwa ti kú láti ìlú òyìnbó. Nígbàkúgbà tí iná bá lọ tí ó sì dé, ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1980 ni yóò máa pè é. Ọdún tí wọ́n bí mi gan-an nìyẹn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ọmọ òun ni ẹni tí ń lò ó. Ó pẹ́ kí a tó rí bátìrì tuntun rà lọ́wọ́ ẹni tí ń tún agogo ṣe ní Àkúrẹ́, ó sì dà bí ẹni pé inú ìyá mi kò dùn sí i pé a pààrọ̀ rẹ̀.

Òun náà ti di oníṣègùn rẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá pọ̀, ráàmù a tún ṣú. Ìyá mi a wà nídìí ẹ̀rọ ata lẹ́yìnkùlé, yóò gbọ́ píì, píì, píì nínú yàrá, a sì kígbe pé, “Ó tún ti ń ké o! Ẹ fi ìrésà nù ún!” Ẹ wò ó, obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí B.

Oṣù February ọdún 2005 ni a fi páànù tuntun kan ilé náà. Owó ìwé wòlímọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni ó bá wa gun òrùlé.

Kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2009. Kapásítọ̀ orí pátákó rẹ̀ ni ó wú. Èmi àti Ọ̀gá onírédíò pààrọ̀ mẹ́ta, ó tún dìde fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó kọ̀ jálẹ̀. Àpótí rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ìyàwó mi ti béèrè ní ìgbà mélòó kan bóyá òun lè kó àlùbọ́sà sí i.

Fóònù ni mò ń lò báyìí bíi ti gbogbo ènìyàn, òun ni mo fi ń wo àkókò ìrun, n kò sì kórìíra rẹ̀. Ó lágbára ju kọ̀ǹpútà wa lọ ní ọ̀nà tí n kò lè kà tán. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, di fóònù kan tí ó ti kú mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ibo ni wọ́n ń gbà wọ inú rẹ̀?” N kò rí èsì fún un. Mo fa àpótí abẹ́ ibùsùn jáde, mo ní kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó sì ti kọ orúkọ kálukú sí bébà. Láti ìgbà náà ni ó ti ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní ọjọ́ Sátidé, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òdóde.

Àna mi kan wí pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọbìnrin, pé ìránṣọ ni kí a fi í sí. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

“Èmi tí mo ń tú ẹ̀rọ ata fún ọdún 30, ṣé ọkùnrin ni wọ́n pè mí?”

Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Sátidé tí ó kọjá ni ọmọ náà kọ́kọ́ lọ. Kí ó tó jáde, ìyá mi fi ìrésà tuntun méjì lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ọ̀gá òun sọ pé àwọn kì í lo ìrésà, pé súpíríìtì ni àwọn fi ń nu inú fóònù. Ìyá mi ní kí ó ṣáà fi sínú àpò.